Ata Rodo Lójú Fèrèsé ní Aberdeen

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fi fọ́tò ata àti tòmátì tí mo gbìn sínú ike yọ́gọ́ọ̀tì sórí gúrúùpù ẹbí wa. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi fi ohùn ránṣẹ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín dáadáa, ó wá ní, "Àbúrò mi, ṣé torí kó o lè lọ máa gbin ata sínú ike la ṣe ta ilẹ̀ bàbá wa ní Ìkirè?" Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín tèmi, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ti dé Scotland ti bọ́ lọ́wọ́ oko.

Nílé, ta ló tiẹ̀ ń jókòó gbin ata? Omi ata tí ìyá mi dà sẹ́yìn ilé ìdáná ló ń di igi ata. Àkọ́rọ̀ òjò bá ti dé, àgbàdo wọlẹ̀ nìyẹn. Àrọ̀kúrò bá dé, a tún gbin òmíràn. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Níbí, òjò kọ́ ni wàhálà, ilẹ̀ tó tutù ni. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé, oòrùn ràn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nínú oṣù Kẹrin. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo kó tòmátì 12 lọ sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, ìrì dídì ti bo gbogbo koríko, ó funfun báláú. Ewé tòmátì mi ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ lómi gbígbóná. Bàbá àgbàlagbà tó wà nílé kejì yọjú lórí ọgbà, ó mi orí. "Oṣù Kẹfà," ló wí, ó sì wọlé lọ.

Òótọ́ ló sọ. Ní ìlú yìí, ìrì dídì lè já títí dé ìparí oṣù Karùn-ún. Bẹ́ẹ̀, téèyàn bá dúró dìgbà yẹn kó tó fọ́n ata, òtútù mìíràn á ti dé kó tó so. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Oṣù Kejì ni ti ata rodo: màá rẹ irúgbìn sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú, màá gbé ike rẹ̀ sórí fìríìjì, torí kì í fẹ́ hù bí ibẹ̀ kò bá móoru. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló ń lò. Tòmátì ń dúró di àárín oṣù Kẹta. Bí mo bá yá a, ìmọ́lẹ̀ ò ní tó o, á kàn máa ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ tí ebi ń pa. Ọ̀dùnkún òyìnbó (Irish potato) àti kárọ́ọ̀tì ò lẹ́jọ́ ní tiwọn. Ní ìparí oṣù Kẹrin, wọ́n ti lè wọlẹ̀ tààrà, a kì í sì í hú kárọ́ọ̀tì lọ́ síbòmíràn rárá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Àmọ́ láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹfà, oṣù mẹ́rin gbáko, èmi àti ike ni. Mo ń yí wọn lójoojúmọ́ kí wọ́n má bàa tẹ̀ sí ojú fèrèsé. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nílé, o ò lè dá ebè kan kọ kí ẹni tó ń kọjá má kí ọ pé àroko bọ́dún dé o. Níbí, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì kanlẹ̀kùn mi. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, lọ́dún tó kọjá, àárín oṣù Karùn-ún, ìgbà tí mo ń kó wọn síta láàárọ̀, tí mo ń kó wọn wọlé lálẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí òtútù lè mọ́ wọn lára. Ọjọ́ yẹn, mo ti gbàgbé wọn síta. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀: "Ìrì dídì máa já o." Ike 22 lèmi àtọmọ mi kó wọlé. Bàbá gbé mẹ́ta nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ Ìkirè tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ yẹn, ọdún 11 ló fi wà níbẹ̀ kí a tó tà á. Kò sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó gbin ewé kan síbẹ̀, àtòun àtèmi. Èmi nìkan ló wá ń roko nínú ẹbí wa báyìí, nínú ike. Ata 31 ni mo ká lójú fèrèsé lọ́dún tó kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fẹ́ fi ohùn sọ gbogbo èyí fún un. Àmọ́ ojú ọ̀run mọ́ rekete lálẹ́ yìí, kò sí ìkùukùu kankan, irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni ìrì dídì ń já. Ẹ jẹ́ n lọ kó ata mi wọlé ná.