Wákàtí Kan Péré ni London sí Dublin

Ní 2019, Màámi wà lọ́dọ̀ mi ní Peckham, ní London, nígbà tí àbúrò mi obìnrin bímọ ní Dublin, olú-ìlú Áyálándì. Físà oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbà wá sí Ìlú Ọba, inú wọn sì ń dùn pé ìtòsí ni ọmọ-ọmọ máa bá àwọn. Ìtòsí náà ni lóòótọ́. Lójú òfuurufú, London sí Dublin kò ju nǹkan bíi 465 kìlómítà lọ. Bàálù kì í sábà lò tó wákàtí kan lókè. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìrìn orí ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ bàálù láti Èkó lọ sí Àbújá mọ bó ṣe rí. Aago ìlú méjèèjì pàápàá dọ́gba.

Físà ni kò dọ́gba. A rò pé ẹni tó bá ti wọ Ìlú Ọba, ó ti wọ Áyálándì náà nìyẹn. Rárá o! Àdéhùn tó wà láàárín ìjọba méjèèjì, àwọn ọmọ onílùú ló wà fún. Ẹni tó bá mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gba físà Áyálándì lọ́tọ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn sì máa ń gbà. Ọjọ́ kẹjọ la sì ń sọmọ lórúkọ. Mo tiẹ̀ ro ti orí omi: ọkọ̀ ojú irin láti Euston dé Holyhead, bíi wákàtí mẹ́rin, ká tó wá wọ ọkọ̀ òkun fún wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Físà kan náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú ìyá yín wá, bí ọmọ wọn kan bá wà ní Áyálándì, ẹ bá wọn gba físà méjèèjì láti ilé. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé mi ò wádìí.

Ni mo bá dá lọ. Màámi fúnra wọn ló di ẹrù: orógbó, obì, ataare, iyọ̀, àti ìgò oyin kan tí wọ́n gbé láti Ìbàdàn, tí wọ́n fi táwẹ̀lì wé. Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ni mo jáde nílé. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn kí n tó dé pápákọ̀ òfuurufú Luton. Níbi àyẹ̀wò, wọ́n yọ oyin. Nígbà yẹn, ohun olómi tó bá ju 100 mílílítà lọ kò gbọ́dọ̀ bá èrò wọ bàálù, oyin sì wà lára rẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Ọkùnrin náà rọra sọ ọ́ sínú ike ìdọ̀tí, mo sì gbọ́ bí ìgò náà ṣe dún nísàlẹ̀.

A gbéra, a fò kọjá Wales, òkun dé, kí n tó mu tíì tán wọ́n ní ká de bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà mi dé ẹnu ọ̀nà àbúrò mi ní Blanchardstown, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méje.

Oyin tí a rà ládùúgbò la fi sọmọ lórúkọ. Màámi wé gèlè, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Peckham, wọ́n ní ká gbé fóònù sún mọ́ etí ọmọ. Wọ́n ki oríkì ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nígbà tí mo padà dé, wọn ò bi mí léèrè oúnjẹ tí a jẹ.

"Ọmọ mi, fìlà náà dà?"

Fìlà tí ọmọ náà fi sùn ni, àbúrò mi ló fi rán mi. Màámi gbé e sí imú, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò.