Kí n tó gba nọ́ńbà gbọ́

Sátidé, oṣù Òkúdù

Omi tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ dán wò kí n tó kan omi tí n kò mọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, òun náà ni mo sì fi ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kì í ṣáájú. Èyí tí a ti mọ iye ṣúgà inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà dáadáa, kí a tó gbà á láyè kó sọ̀rọ̀ nípa ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé ohun tó tọ́ sí èèyàn lọ́nà yìí tọ́ sí ẹja inú gíláàsì náà, nítorí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún fún wa.

Ìyá Ìbejì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló wọlé lónìí, bí òjò àárọ̀ ṣe dá. A kí ara wa, “Òkun o,” “Òkun.” Ike ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kún fún omi.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Láti àná ni àwọn ẹja wọ̀nyí ti ń yọ ẹnu sókè omi, bẹ́ẹ̀ pépà àyẹ̀wò tí mo tì bọ̀ ọ́ sọ pé kò sí nǹkan burúkú kan níbẹ̀.”

“Ìgbà wo lẹ bu omi yìí?”

“Lálẹ́ àná ni.”

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sílé rẹ̀. Omi tó ti sùn mọ́jú nínú ike kì í ṣe omi inú táǹkì mọ́: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti yí padà, pH rẹ̀, ìyẹn òdiwọ̀n bí omi ṣe kan tó, lè ti yí pẹ̀lú, àwọn bakitéríà inú rẹ̀ kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ike náà fúnra rẹ̀ tún ń jẹ́rìí èké, torí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ní ásíìdì nínú, ìyókù rẹ̀ díẹ̀ tó láti da pH rú. Mo kó kíìtì mi, ìyẹn àwọn kẹ́míkà àti túúbù tí mo fi ń dán omi wò, mo mú omi bátìrì tó wà nílé, omi tí wọ́n ti yọ gbogbo nǹkan mìíràn kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n ń bù sí bátìrì inverter, a bọ́ síta.

Àpótí gíláàsì náà wà ní pálọ̀ wọn, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Gólúfíìṣì ni ẹja inú rẹ̀, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti rà á fún àwọn ọmọ. Loòótọ́ ni wọ́n ń yánu lókè omi. Mo ní kí Ìyá Ìbejì mú ike pépà náà wá. Orí fèrèsé ilé ìwẹ̀ ló ti mú un, ọmọrí rẹ̀ kò sì dé dáadáa. Ní àsìkò òjò bí èyí, ọ̀rinmi inú afẹ́fẹ́ nìkan ti tó láti ba pépà náà jẹ́ kó tó kan omi. Mo tún wo ẹ̀yìn ike náà: kò sí ojú ibi tí wọ́n ti ń wo ámóníà, májèlé tó ń jáde láti ara ẹja àti ìgbẹ́ rẹ̀, rárá. Ọ̀pọ̀ irú pépà bẹ́ẹ̀ ni kì í ní i. Ohun tí pépà kò bi omi, omi kò lè dáhùn rẹ̀.

Omi bátìrì ni mo kọ́kọ́ fi dán kíìtì mi wò. Ó yẹ kó fún wa ní òdo ní ámóníà, kó fún wa ní òdo ní náítíráìtì (májèlé tí bakitéríà ń kọ́kọ́ sọ ámóníà dà), bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú omi yìí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí ásíìdì bátìrì náà wà lórí igbá kan náà ní ìsọ̀ àwọn tó ń tún bátìrì ṣe, èyíinì sì ń jó ènìyàn.

Mo fi omi inú táǹkì ṣan àwọn túúbù, mo tì wọ́n bọ àárín omi, kì í ṣe ojú rẹ̀ lókè. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni mo fi ń wọn mílílítà 5, torí ojú omi máa ń tẹ̀ kòtò díẹ̀ nínú túúbù, ìsàlẹ̀ kòtò yẹn ló gbọ́dọ̀ kan ìlà. Bí ẹ bá wo ìlà náà láti òkè, ẹ ó bù kọjá tàbí kó má tó. Igo kẹ́míkà gbọ́dọ̀ dorí kodò tààrà. Bí a bá dà á ní gbọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkán kan yóò tóbi ju òmíràn lọ, kíka ìkán 5 tàbí 8 kò sì ní ìtumọ̀ mọ́. Mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìka kì í dé ẹnu túúbù. Ìka ń da nǹkan tirẹ̀ sínú omi, kẹ́míkà náà kò sì dára fún ara.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, mo gbé túúbù lọ sí ẹnu ọ̀nà. Iná pálọ̀ wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sí bí aláwọ̀ ewé ṣe máa jọ aláwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, níbi tí oòrùn kò ti tàn sí i gan-an, pẹ̀lú pépà funfun lẹ́yìn túúbù, ló dára jù. Mo pe Táyé àti Kẹ́hìndé, mo ní kí olúkúlùkù sọ tirẹ̀ láìjẹ́ kí èkejì gbọ́. Ojú ọmọdé mú ju tèmi lọ. Ní ti ámóníà, wọ́n jọ sọ ohun kan náà, 0.25 (mílígíráàmù nínú lítà kan). pH jẹ́ 7, èyí tó fún mi ní ìfọ̀kànbalẹ̀ díẹ̀, nítorí àròpọ̀ ámóníà ni kíìtì ń kà, èyí tó ń pa ẹja àti èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Bí omi bá wà ní pH 7 tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní 25°C, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tó jẹ́ èyí tó ń pa ẹja. Ní pH 8, yóò ti tó bíi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ pé nọ́ńbà ámóníà láìsí ti pH kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Náítíráìtì ló yà wá lẹ́nu. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú ju èyí tó kẹ́yìn lórí káàdì tí a fi ń wé àwọ̀ lọ, ìyẹn 5. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń dúró sí nìyẹn, tí wọ́n ń kọ “5” sílẹ̀. Káàdì ti tán, àmọ́ omi kò tán síbẹ̀. Mo bu omi táǹkì ìdá kan mọ́ omi bátìrì ìdá mẹ́ta, mo tún ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ bọ́ sí 2. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 8. Náítíráìtì ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di èyí tí kò lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yánu lókè bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́.

“Ṣùgbọ́n bọ̀dá, náítíréètì hàn lórí pépà náà o. Ẹ ti sọ fún mi rí pé bí náítíréètì bá ti yọ, táǹkì ti gbó.”

Ó rántí dáadáa, inú mi sì dùn sí i. Náítíréètì ni bakitéríà ń sọ náítíráìtì dà nígbẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n bá ti pọ̀ tó nínú táǹkì. Àmọ́ ọ̀nà tí kíìtì ń gbà wá náítíréètì ni pé kó kọ́kọ́ sọ ọ́ di náítíráìtì, kó tó fún un ní àwọ̀. Bí náítíráìtì bá ti pọ̀ nínú omi tẹ́lẹ̀, yóò wọ aṣọ náítíréètì wá bá wa. Títí náítíráìtì yóò fi wálẹ̀, n kò ní ka nọ́ńbà náítíréètì wọn sí. (Fún ẹni tó ń lo ti olómi: nínú ọ̀pọ̀ kíìtì, ìyẹ̀fun mẹ́tàlì wà nínú igo kejì ti náítíréètì, ó sì máa ń sùn sísàlẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ tún gbọn túúbù náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n ní ìdákúrekú yóò rí omi tó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.)

A kọ́kọ́ dán omi bọ́hóòlù wọn náà wò kí a tó bù ú sínú táǹkì. Òdo ni náítíráìtì rẹ̀. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ ilẹ̀ máa ń ní afẹ́fẹ́ kábọ́nì nínú, tó ń fa pH rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà èyí tí wọ́n ti pọn sínú dúrọ́ọ̀mù láti àná ni a lò. Omi tiwa ní Kábà níbí rọ̀, àpáta líle tó wà lábẹ́ wa kì í yọ́ bọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé omi wá rí láti ọ̀nà Ọbajànà, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun ṣe sìmẹ́ńtì. Mo kán kẹ́míkà KH, èyí tí a fi ń mọ bí ẹfun tó yọ́ sínú omi ṣe pọ̀ tó, sínú rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí kí àwọ̀ tó yí, nígbà tí tiwa kì í ju ìkán díẹ̀ lọ. Ará Kábà àti ará Ọbajànà kò gbọ́dọ̀ yá nọ́ńbà ara wọn lò.

A yọ ìdajì omi, a dá tuntun padà, a sì fi iyọ̀ lásán sí i, gíráàmù kan sí lítà kan, torí kúlóráìdì inú iyọ̀ máa ń dí náítíráìtì lọ́nà ní ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, níbi tí náítíráìtì ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan mo tún fi omi bátìrì là á bíi ti àkọ́kọ́. Bí 8 bá jẹ́ òtítọ́ tí a sì ti yọ ìdajì, ó yẹ kó sún mọ́ 4, ìyẹn ni pé kí àwọ̀ inú túúbù wá sí 1. Táyé ní 1. Kẹ́hìndé ní 1. Nígbà yẹn ni mo tó kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé fún Ìyá Ìbejì, pẹ̀lú aago tí a kà wọ́n.

Mo ní kí wọ́n má fún ẹja ní oúnjẹ títí ọ̀la. A ó tún pààrọ̀ ìdajì lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán.