Kí A Tó Gba Mọ́tò Tí Wọ́n Tì Mọ́lé

Owó ìtanràn nìkan kọ́ ni a fi ń gba mọ́tò tí àkókò ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ (ìwé tó fi hàn pé mọ́tò yẹ láti rìn lójú títì) ti tán, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí i ní Iléṣà nígbà tí wọ́n tì tirẹ̀ mọ́lé; wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ mọ́tò náà wò, nítorí pé mọ́tò tí kò ní ìwé náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn lójú títì. Àwọn VIO (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò) a máa yẹ búrẹ́ẹ̀kì, táyà, iná, fèrè àti wáípà wò. Táyà ẹ̀yìn kan lára mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ti dán bọ̀rọ́, wáyà inú rẹ̀ sì ti yọjú (ta ni kò ní rí ìyẹn?), nítorí náà inú ọgbà àwọn VIO níbẹ̀ ni oníṣẹ́ táyà ti wá pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò.