Ohun Tí Ọkọ́ Bá Hú Jáde Lẹ́yìnkùlé Wa ní Ifẹ̀

Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé ní Ilé-Ifẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ kò lè ṣe kó má kan nǹkan. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni mo ń gbìn ní Ilódè, àmọ́ ohun tí mo ti hú níbẹ̀ ju gbòǹgbò lọ. Àwọn ará àdúgbò náà ti wá mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti rí nǹkan, wọ́n á ní, "Mọ̀mí, ẹ bá wa wo èyí."

Dídán ló ń tan èèyàn jù. Ilẹ̀ wa kún fún máíkà, àwọn tó sì ti gbọ́ pé góòlù wà lápá Iléṣà, ní Itagunmodi àti Igun, kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó. Ẹ fi èékánná yọ ọ́ wò. Máíkà máa ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Tí ẹ bá fi òòlù lu góòlù, ṣe ló máa tẹ́, kò ní fọ́. Nínú igbá omi, ìsàlẹ̀ ni góòlù máa ń sùn sí, máíkà á sì bá omi lọ.

Okùn funfun wínníwínní lábẹ́ igi tó ń jẹrà, olú ló fẹ́ hù níbẹ̀. Ohun funfun tó ń hó tí ẹ bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ìkarahun ìgbín tàbí sìmẹ́ǹtì ni. Àwọn yẹn kò ní wàhálà.

Èyí tí wọ́n ń gbé wá jù ni òkúta dúdú tó wúwo, tó ní ihò, tí ojú rẹ̀ rí bí ògì tó ṣàn kúrò lẹ́nu ìkòkò tó sì dì síbẹ̀. Ẹnì kan bá mi jiyàn gan-an pé ó já bọ́ láti ojú ọ̀run ni. Ìdàrọ́ ni, ìdọ̀tí tó ń yọ lára irin nínú iléru. Yangí náà wúwo, ó sì ní ihò, ṣùgbọ́n pupa rúsúrúsú ni inú rẹ̀ tí ẹ bá là á, kò sì ní ibi tó ti ṣàn. Mo tú òòfà lára rédíò àtijọ́ kan fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó máa ń fa ìdàrọ́ mìíràn. Ẹ má gbára lé òun nìkan ṣá, ó máa ń fa yangí mìíràn náà díẹ̀.

Bí ẹ bá rí àpáàdì nípọn, tí gíláàsì búlúù tàbí aláwọ̀ ewé lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ẹ dá ọkọ́ dúró. Ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ní Igbó Olókun nílùú wa níbí, awalẹ̀pìtàn kan, Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àpáàdì irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tó ju 800 lọ. Ohun tí wọ́n rí fi hàn pé ní Ifẹ̀ níbí gan-an ni wọ́n ti ń ṣe gíláàsì ọ̀hún, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń tún ti òkèèrè yọ́.

Àpáàdì tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ létòlétò, tí òkúta funfun wẹ́wẹ́ wà láàárín rẹ̀, ilẹ̀ títẹ́ àtijọ́ ni, èyí tí ìtàn so mọ́ Ọọ̀ni Lúwòó. Èyí tí mo bá pàdé, mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó padà, mo sì kọ ebè mi sí ibòmíràn.

Idẹ tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé lára. Ẹ má fi iyanrìn bó o, ẹ má fi ọsàn fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ló kan àwọn orí idẹ agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ilẹ̀ ṣe ló sì kan ti Ìta Yemòó lọ́dún 1957. Ẹ fi ewé bo ohun tí ẹ rí, ẹ ṣàkíyèsí bí ó ṣe jìn tó, kí ẹ sì ké sí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹnuwá. Òfin ọdún 1979 ní ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló lè ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé owó wá ní òru, ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun òde òní ló ń bà mí lẹ́rù ju ti àtijọ́ lọ. Eruku dúdú kirimú tó ní ọ̀pá dúdú kékeré láàárín, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni. Àwa tí a gún un mọ́ ewé láti fi kun pátákó ìkọ̀wé kò kà á sí nǹkankan, síbẹ̀ ẹ kó o kúrò. Èyí tó burú jù ni ilẹ̀ tó ti jẹ́ ìsọ̀ àwọn tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe rí, torí òjé inú bátìrì. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà àdúgbò ohun tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe kí ẹ tó gbin ewébẹ̀ kankan. Òjé inú bátìrì yẹn kì í jẹrà, kì í rùn, ojú kò sì lè dá a mọ̀ nínú yẹ̀pẹ̀. Ọmọ kékeré tó ń ti ọwọ́ bọ ẹnu ló ń pa lára jù. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé, wọ́n lé ní 400.

Bí ilẹ̀ yín bá rí bẹ́ẹ̀, inú àpò tí ẹ kó yẹ̀pẹ̀ tó mọ́ sí ni kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà níbi mélòó kan, ẹ pò ó pọ̀ sínú ọ̀rá tó mọ́, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé òjé ni ẹ fẹ́ kí wọ́n wò, torí àyẹ̀wò tí àgbẹ̀ ń ṣe nítorí ajílẹ̀ kì í sábà wo òjé.