Àmì Ara Púlì Ló Ń Purọ́

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni mo fi bá táímìn ọkọ̀ àgbà mi jìjàkadì, ìyẹn àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń tanná sí epo nínú ẹ́ńjìnì. 1971 ni wọ́n ṣe é: sílíńdà mẹ́rin, kábúrétọ̀, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kọ́ńtáàkì ni (irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa kí púlọ́ọ̀gì lè tanná), mo wọn àlàfo rẹ̀ sí 0.4 mm. Mo so iná táímìn, tọ́ọ̀ṣì tó ń ṣẹ́jú nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá tanná, mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, mo yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò lára dísíríbútọ̀ (òun ló ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì), mo dí ẹnu rọ́bà náà. Mo wá ń yí dísíríbútọ̀ títí àmì ara púlì, kẹ̀kẹ́ irin iwájú ẹ́ńjìnì, fi bọ́ sí 10 dígírì géérégé kí písítìn tó dé òkè, bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí.

Ọkọ̀ kọ̀, kò gbéra. Bí mo bá tẹ tọ́rótù, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ bí arúgbó tó fẹ́ dìde lórí àga. Ooru ń gòkè. Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo rí páìpù èéfín lẹ́bàá ẹ́ńjìnì tó pọ́n bí ẹyín iná.

Gbogbo èyí ń sọ pé iná púlọ́ọ̀gì ń pẹ́. Epo kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí púlọ́ọ̀gì fi gbọ́dọ̀ tanná kí písítìn tó dé òkè, kí agbára ìjóná lè bá a bó ṣe ń padà sísàlẹ̀. Bó bá pẹ́, inú páìpù ni yóò jó lọ. Ṣùgbọ́n àmì ní kò pẹ́.

Mo fura sí dísíríbútọ̀. Irin kékeré méjì wà nínú rẹ̀ tí sípíríǹgì dì mú. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń ṣí síta, tí wọ́n sì ń mú iná yá sí i. Mo tú u, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Mo yá iná táímìn mìíràn, ohun kan náà ló sọ. (Mo tún ra káńdẹ́ńsà tuntun. Ẹ má bi mí pé kí ló fà á.)

Inú bí mi, mo gbé iná táímìn sílẹ̀, mo fi etí ṣe é. Mo ń yí dísíríbútọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnì fi já gaara. Ọkọ̀ fò! Mo tan iná wò ó: 27 dígírì, nígbà tí ẹ́ńjìnì kàn dúró tó ń mí jẹ́jẹ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti pẹ́ nídìí ẹ́ńjìnì. Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, o ti bi iná, o ti bi dísíríbútọ̀. Ṣé o ti bi púlì?"

Púlì yẹn kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Irin inú wà, irin òde wà, rọ́bà ló so wọ́n pọ̀ kí gbígbọ̀n kíráńkì, ọ̀pá tí písítìn ń yí, lè rọlẹ̀. Òróró àti ooru ti jẹ rọ́bà náà, irin òde ti yẹ̀, ara rẹ̀ sì ni àmì wà.

Mo tú bátìrì, mo yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo lu inú púlọ́ọ̀gì àtijọ́ kan jáde, mo fi bọ́ọ̀tì olórí róbótó dípò, mo dè é sí sílíńdà àkọ́kọ́. Mo fi sípánà yí ẹ́ńjìnì pẹ̀lẹ́ títí písítìn fi kan bọ́ọ̀tì, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára púlì níwájú ọfà tó wà lára ẹ́ńjìnì. Mo yí i padà sí òdìkejì títí ó tún fi kàn án, mo fa ìlà kejì. Àárín gbùngbùn ìlà méjèèjì ni òkè tòótọ́. Àmì fi 22 mm jìnnà síbẹ̀. Lára púlì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 150 mm, dígírì kan kò ju bíi 1.3 mm lọ, nítorí náà 17 dígírì ló yẹ̀. Nígbà tí mo rò pé iná ń tàn ní 10 ṣáájú òkè, 7 lẹ́yìn òkè ló ń tàn. Ẹ wá yọ 17 kúrò nínú 27 tí etí mi mú.

Púlì tuntun dé lánàá. Mo fi ọ̀dà funfun kun àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó tan iná sí i, mo kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀tì yẹn bi òun náà léèrè.