Ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù 16 kò tíì dé ọ̀run àpáàdì

Ibi tí àríyànjiyàn nípa ibi tí òkú ń lọ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni Lúùkù 16, níbi tí Jésù ti sọ ìtàn ọlọ́rọ̀ kan àti Lásárù tálákà. Oníwàásù á ní, "Ọlọ́rọ̀ ti dé ọ̀run àpáàdì, Lásárù ti wọ ìjọba ọ̀run." Ẹ ṣí Bíbélì Mímọ́ yín, kí ẹ ka ẹsẹ 23 dáadáa. "Ipò òkú" ló wà níbẹ̀. Iná wà níbẹ̀ lóòótọ́, òùngbẹ wà níbẹ̀, ọ̀gbun ńlá sì wà láàárín ọlọ́rọ̀ àti Lásárù. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ẹsẹ 28: àwọn arákùnrin rẹ̀ márùn-ún ṣì wà láyé, nílé bàbá wọn. Àjíǹde kò tíì ṣẹlẹ̀, a kò tíì ṣí ìwé kankan níwájú ìtẹ́. Àtìmọ́lé ni ọkùnrin yìí wà, wọn kò tíì pe ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá da àtìmọ́lé pọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n, gbogbo ohun tí Bíbélì sọ lẹ́yìn náà nípa ìdájọ́ ló máa lọ́jú pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nídìí ìdàpọ̀ yìí. Àwọn Hébérù ń pe ibi tí òkú ń lọ ní Ṣìọ́ọ̀lù, ó sì fara hàn ní ìgbà 65 nínú Májẹ̀mú Láéláé. Olódodo ń lọ síbẹ̀, ìkà ń lọ síbẹ̀. Jékọ́bù ní òun á ṣọ̀fọ̀ lọ bá ọmọ òun níbẹ̀ (Gẹ́nẹ́sísì 37:35), Jóòbù tiẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kó fi òun pamọ́ síbẹ̀ (Jóòbù 14:13). Hédíìsì ni èdè Gíríìkì fi rọ́pò rẹ̀ nínú Májẹ̀mú Tuntun. Ọ̀tọ̀ ni Gẹ̀hẹ́nà. Ìgbà 12 ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun: 11 jáde lẹ́nu Jésù fúnra rẹ̀, ọ̀kan tó kù wà nínú Jákọ́bù 3:6. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Tátárọ́ọ̀sì wà, nínú Pétérù Kejì 2:4, àwọn áńgẹ́lì tó ṣẹ̀ ni wọ́n sì há mọ́bẹ̀.

Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 ló da omi rú. Nínú ìgbà 65 tí Ṣìọ́ọ̀lù wà, ó lo "hell" ní ìgbà 31, ó lo "grave" ní ìgbà 31, ó lo "pit" ní ìgbà 3, ó sì tún gba Gẹ̀hẹ́nà wọlé sábẹ́ "hell" yìí kan náà. Àwọn tó túmọ̀ sí èdè wa ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Samuel Ajayi Crowther ti gbé ìwé Róòmù jáde lọ́dún 1850, odindi Bíbélì sì jáde lọ́dún 1884. Ní àwọn ibi tó ṣe pàtàkì bíi Sáàmù 16:10, Lúùkù 16:23 àti Ìfihàn 20:13, "ipò òkú" la kà. Àwa tó ń wàásù lónìí la padà lọ yá ìdàrúdàpọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

"Ọ̀run àpáàdì" tí wọ́n fi túmọ̀ Gẹ̀hẹ́nà tún wá dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Gẹ̀hẹ́nà jẹ́ àfonífojì gidi, Àfonífojì Hínómù, ní gúúsù Jerúsálẹ́mù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ọmọ wọn nínú iná (Jeremáyà 7:31), òun ni Ọba Jósáyà fi sọ ibẹ̀ di àìmọ́ (Àwọn Ọba Kejì 23:10). Nínú Jeremáyà 19, Ọlọ́run ní kí wòlíì ra ìṣà amọ̀, kó lọ fọ́ ọ ní àfonífojì yìí kan náà, lẹ́bàá ẹnubodè tí ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ òde òní ń pè ní Ẹnubodè Àfọ́kù Ìkòkò. Kí wá ni àpáàdì bí kì í bá ṣe àfọ́kù ìkòkò? Òun náà la fi ń bu ẹ̀yinná nílé aládùúgbò, ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Àfọ́kù àti iná, nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Àmọ́ ẹ yéé sọ pé ààtàn ìlú tí iná kì í kú níbẹ̀ ni Gẹ̀hẹ́nà lásìkò Jésù. Ìwé Rábì David Kimhi, ẹni tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 1200, ni wọ́n ti máa ń fa ìtàn yẹn yọ. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ lẹ́yìn Jésù, kò sì sí ẹ̀rí tó dájú láti inú ilẹ̀ tó gbè é lẹ́sẹ̀. Ti Jeremáyà ti tó.

Tí a bá ti ya ipò òkú sọ́tọ̀ kúrò lára Gẹ̀hẹ́nà, ètò náà rọrùn láti tò: ikú, ìdúró ní àárín, àjíǹde ara, ìdájọ́, lẹ́yìn náà ibùgbé tí kì í yí padà. Nínú Ìfihàn 20:14, ipò òkú fúnra rẹ̀ ni wọ́n jù sínú adágún iná. Ilé àtìmọ́lé náà wó, nítorí ẹjọ́ ti parí. Hébérù 9:27 ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo léèyàn ń kú, kí ìdájọ́ tó dé, nítorí náà kò fàyè gba àtúnwá. Àwa ṣì ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, a sì ń gbé wọn lọ fún ìrìbọmi. Orúkọ ló kù níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ Kristẹni, ìgbàgbọ́ ti lọ.

Ìdúró ní àárín yẹn gan-an ni àwọn ìjọ ti ń yapa. Ìjọ Àgùdà gbà pé gbàrà tí èèyàn bá kú ni ìdájọ́ tirẹ̀ ti wáyé. Póòpù Benedict Kejìlá là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 1336. Ẹni tó kú sínú oore-ọ̀fẹ́ àmọ́ tí kò tíì mọ́ tán ń gba Pọ́gátórì, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú, kọjá. Àwọn tí kì í ṣe Àgùdà sábà máa ń ṣi èyí gbọ́. Wọ́n rò pé àǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kejì ni fún ẹlẹ́ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀ ti di ẹni ìgbàlà, kò sí ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀run àpáàdì. Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń fà yọ ni Mákábì Kejì 12, níbi tí Júdásì Mákábì, ọ̀gágun àwọn Júù, ti kó 2,000 dírákímà fàdákà ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó kú. Ìwé yẹn kò sí nínú Bíbélì Pùròtẹ́sítáǹtì, ìdí nìyẹn tí ìjiyàn náà kì í fi í tán. Láti 1 sí 8 oṣù kọkànlá, Àgùdà tó bá lọ gbàdúrà fún òkú ní itẹ́ òkú lè gba ìdáríjì ìyà ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó wà ní Pọ́gátórì. Ó gbọ́dọ̀ ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kó gba ara Olúwa, kó gbàdúrà fún èrò ọkàn Póòpù, kó má sì fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ̀ kankan mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló nira jù.

Ánglíkà ní Abala 22 nínú àwọn Abala 39 wọn, tó pe ẹ̀kọ́ Róòmù nípa Pọ́gátórì ní asán. Onítẹ̀bọmi àti ọ̀pọ̀ Pẹńtíkọ́sì gbà pé onígbàgbọ́ ń lọ tààrà sọ́dọ̀ Kristi (Fílípì 1:23). Ìjọ Adventist àti Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní òkú kò mọ nǹkan kan (Oníwàásù 9:5). Ọ̀rọ̀ tí Jésù bá olè sọ lórí àgbélébùú ni wọ́n ti máa ń kojú ara wọn: ṣé "Mo wí fún ọ, lónìí ni ìwọ yóò wà pẹ̀lú mi" ni, àbí "Mo wí fún ọ lónìí, ìwọ yóò wà pẹ̀lú mi"? Àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì ìgbà àkọ́kọ́ kì í fi àmì ìdánudúró bẹ́ẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n "lóòótọ́ ni mo wí fún ọ" jẹ́ àkànlò Jésù, kò sì fi "lónìí" mọ́ ọn níbòmíràn. Fún èmi, ìyẹn gbe ti ìtumọ̀ àkọ́kọ́.

Ti ìdájọ́ ìkẹyìn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì? Àgùdà, Ánglíkà, Mẹ́tọ́díìsì, ẹ̀ẹ̀kan ni: Kristi dé, gbogbo òkú jí, wọ́n ya àgùntàn sọ́tọ̀ lára ewúrẹ́ (Mátíù 25). Ohun tí ọ̀pọ̀ Pẹńtíkọ́sì ń kọ́ni gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbàsókè ìjọ ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ìtẹ́ ìdájọ́ Kristi fún onígbàgbọ́ nìkan, ìpọ́njú ńlá, ẹgbẹ̀rún ọdún ìjọba, ìtẹ́ funfun ńlá fún àwọn tó kù. Ní ìtẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìgbàlà kọ́ ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò, èrè iṣẹ́ ni: wúrà, fàdákà, òkúta iyebíye, igi, koríko, àkékù koríko (Kọ́ríńtì Kìíní 3:12). Ìfihàn 20:2 sí 7 sọ "ẹgbẹ̀rún ọdún" lẹ́ẹ̀mẹfà. Augustine ará Hippo, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, kà á sí àsìkò ìjọ láyé yìí. Àwọn mìíràn ní ọdún tí a ń kà lórí kàlẹ́ńdà ni.

Kíkà ọdún yìí ti kó àwọn èèyàn sí wàhálà. Láti inú Dáníẹ́lì 8:14, William Miller, oníwàásù ará Amẹ́ríkà, mú ọjọ́ 2,300 bí ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ láti 457 ṣáájú Kristi, ó sì dé 1843. Kò sí ọdún òdo láàárín ṣáájú Kristi àti lẹ́yìn Kristi, nítorí náà wọ́n fi ọ̀kan kún un. Ó di 22 oṣù kẹwàá 1844. Ọjọ́ náà pé, Olúwa kò dé. Àwọn tó di Adventist ṣàlàyé pé ọjọ́ kò tàsé, pé ìdájọ́ ìwádìí, ìyẹn yíyẹ àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé àwọn onígbàgbọ́ wò, ló bẹ̀rẹ̀ ní ibi mímọ́ ti ọ̀run lọ́jọ́ náà.

Ìyà ọ̀run àpáàdì kò sì dọ́gba. Lúùkù 12:47 àti 48 sọ nípa pàṣán púpọ̀ àti pàṣán díẹ̀. Lórí bó ṣe máa pẹ́ tó, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni Mátíù 25:46 lò fún ìyà àti fún ìyè, èyí ló sì mú kí ọ̀pọ̀ jù lọ ìjọ di ayérayé mú. Àwọn tó gbà pé ìparun pátápátá ni máa ń tọ́ka sí Mátíù 10:28, tó ní Ọlọ́run lè pa ara àti ọkàn run ní Gẹ̀hẹ́nà.

Níbi ìwé ètò ìsìnkú ni gbogbo èyí ti máa ń já sí gbangba. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, "Sùn re o, Màmá, títí di òwúrọ̀ àjíǹde." Ní ojú ewé kẹta, "Màmá ń bá àwọn áńgẹ́lì jó níwájú ìtẹ́." Ní ẹ̀yìn ìwé, "Kí Ọlọ́run dárí jì í, kó sì tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Ìgbàgbọ́ mẹ́ta ni wọ́n rán pọ̀ mọ́ ara wọn yẹn. Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, ẹ bi àlùfáà tó máa wàásù léèrè èyí tí ìjọ rẹ̀ gbà. Bí ó bá jẹ́ Àgùdà, ẹ fi àdúrà fún òkú sí i, kí ẹ sì kọ ọjọ́ Máàsì. Bí ó bá jẹ́ Onítẹ̀bọmi, ẹ yọ ti ẹ̀yìn ìwé yẹn kúrò, kí pásítọ̀ má bàa fò ó nígbà tó bá ń kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo èrò.