Nígbà Tí Báńkì Bá Ti Tì

Ọjọ́ Ẹtì. Mo ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Marina, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ní kí n má tíì wọkọ̀, mo bá fẹsẹ̀ gba Broad Street. Lọ́sàn-án, ṣe ni èjìká ń gbá èjìká níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti dá páropáro. Àwọn ọlọ́dẹ báńkì nìkan ló jókòó sẹ́nu géètì.

Kì í kúkú ṣe pé àdúgbò yẹn kò ní ibi fàájì. Glover Hall wà ńbẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han ará Èkó ní 1903, tí Hubert Ogunde sì ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Freedom Park wà ńbẹ̀: ọgbà ẹ̀wọ̀n ayé òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, Theo Lawson ló ya àwòrán tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ni pèpéle eré wà báyìí. Mo gba ti ọkùnrin yẹn gan-an.

Ilojo Bar ló ń dùn mí, ní Tinúbú. Ilé Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá sílé, ni; ìdílé Fernandez ló kọ́kọ́ ni ín. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. (Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tún wó o, nígbà tí ọ́fíìsì wà ní títì!)

Mo bá ìyá oníbọ̀ọ̀lì kan tó ti ń pa iná ẹ̀.

"Ẹ ti ń palẹ̀ mọ́, Ìyá?"

"Ta ni kí n jókòó dè, ọmọ mi? Bí eré bá wà nínú Freedom Park, mo lè tà títí dòru. Bí kò bá séré, àwọn oníbàárà mi ti gba afárá Third Mainland lọ sílé."

Lafiaji ló ń gbé, ẹsẹ̀ ló fi ń relé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lójú tèmi. Gbọ̀ngàn tuntun kọ́ ló kù ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn tó máa sùn nítòsí rẹ̀ ló kù. Àwọn àjà òfìfo pọ̀ lókè àwọn ilé gogoro yẹn látìgbà tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń kó lọ sí Victoria Island. Kí wọ́n sọ díẹ̀ nínú wọn di yàrá tí òṣìṣẹ́ lè san owó ẹ̀, kí wọ́n tanná láti Tinúbú dé Oníkan, ká wá wò ó bóyá ìyá yẹn á tètè paná.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi ní Ìkòròdú pé ká lọ wo eré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò tiẹ̀ bi mí pé eré wo. Ó ní, "Báwo la ṣe máa délé?"